Ọmọ Mi Kò Tíì Sọ̀rọ̀: Ṣé Kí N Ṣì Máa Wò Ó?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí ọmọ wẹ́wẹ́ pọ̀ ju èyí tí ojú ewé yìí lè gbà lọ. Mo mú 4 nínú wọn. Ti Ìyá Àkànní ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí nígbà tí mo kà á, ó dà bíi pé èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ ní ọdún 1988.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọkùnrin mi pé ọdún 2 àti oṣù 7 lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan tó já gaara. Tó bá ń fẹ́ omi, á fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí kúlà. Ó ń rìn, ó ń sáré, ó sì ń jẹun dáadáa. Nígbà tí mo bí i, ibà pọ́njú mú un, wọ́n gbé e sábẹ́ iná fún ọjọ́ 4. Ìyá ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ọkọ mi pàápàá ti lé ní ọdún 3 kó tó sọ̀rọ̀, pé kí n máa fi agogo bu omi fún un mu. Àǹtí rẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi ní Yorùbá tí mo ń sọ fún un nílé ló ń dà á láàmú, kí n máa sọ Òyìnbó nìkan. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? (Ìyá Àkànní, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ìyá Àkànní, ọmọ mi, má tíì dá ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì lóhùn. Gbé ọmọ yẹn lọ fún àyẹ̀wò etí ná.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń kán ọ lójú. Ọdún 1984 ni mo bí àkọ́bí mi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Aṣọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi wé e, inú àpótí tí a kó káńfọ̀ sí, bọ́ọ̀lù funfun tí a fi ń lé kòkòrò kúrò nínú aṣọ, ni mo sì ti yọ ọ́ jáde. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ilẹ̀ wa kì í lè fara da káńfọ̀, pé ṣe ló máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn fọ́ nínú ara, tí ibà pọ́njú á sì máa gorí ara wọn. Ibi tí mo bímọ sí ní kí n máa gbé e sí oòrùn àárọ̀. Ọjọ́ 3 gbáko ni mo fi gbé e sí oòrùn. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, kò mu ọmú mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń tẹ̀ bí ọrun. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Ó yè.

Ọdún 1 àti oṣù 5 ló fi rìn. Kò sọ̀rọ̀. Tí mo bá pa ilẹ̀kùn dé gbàmù, á yíjú. Tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń kọjá, á sáré lọ sójú fèrèsé. Mo wá sọ fún ara mi pé etí rẹ̀ dá ṣáká, agídí ló ń ṣe. Tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi ni mí nígbà náà, ọmọ bíi 30 ló wà lábẹ́ mi, mo sì gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀ nípa ọmọdé. Mo máa pè é, kò ní dáhùn, màá nà án. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo nà án. Ó ti pé ọdún 4 àti oṣù 2 kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ló fi ń gbọ́ ọkọ̀ akẹ́rù, nígbà tí ilẹ̀ bá ń mì, àti pé atẹ́gùn ilẹ̀kùn ló ń kàn án lára. Adití ni ọmọ mi.

Ohun tí ìdádúró yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ọdún 4 ló fi wà nínú ilé tí kò ti sí ẹni tó ń bá a sọ ohunkóhun tó yé e. Kò mọ̀ pé òun ní orúkọ. Mo fi kíláàsì mi sílẹ̀, mo lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ akàndá ẹ̀dá ní Special, l'Ọ́yọ̀ọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1977. Mo kọ́ èdè ọwọ́ níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni nǹkan àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ sọ fún un. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo àyà ara rẹ̀, ó sì tún un ṣe. Mo ṣì ń rí ojú rẹ̀ bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn.

Ó lè má jẹ́ etí ló ń ṣe Àkànní. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ibà pọ́njú mú débi tí wọ́n fi gbé e sábẹ́ iná fún ọjọ́ 4, tó sì ti lé ní ọdún 2 àbọ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan, etí ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Má fi àtẹ́wọ́ dán an wò lẹ́yìn kí o wá sọ pé ó gbọ́. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò 2 ni wọ́n máa ń ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n á ti nǹkan rọ̀bọ̀tọ̀ kékeré kan bọ̀ ọ́ létí, ẹ̀rọ á dún wẹ́rẹ́, á sì gbọ́ èsì tí inú etí dá padà. Kì í pẹ́ rárá. Nínú èkejì, ọmọ á sùn, wọ́n á lẹ nǹkan mọ́ iwájú orí àti ẹ̀yìn etí rẹ̀, ẹ̀rọ á wá máa wò ó bóyá ìró náà ń dé ọpọlọ. Èkejì yìí ni wọ́n ń pè ní ABR. Béèrè fún un ní orúkọ, kí o sì sọ fún wọn pé nítorí ibà pọ́njú ni. Ìdí rẹ̀ ni pé ibà pọ́njú lè fi etí fúnra rẹ̀ sílẹ̀, kó jẹ́ iṣan tó ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ ló bà jẹ́. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ á ní kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ọmọ ò gbọ́ ohun tí ẹ ń wí. Láti Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn ò jìnnà: ẹ̀ka E-N-T, ti etí, imú àti ọ̀fun, ni kí o béèrè ní OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá Ifẹ̀, tàbí ní UCH, ti Ìbàdàn. Pè wọ́n kí o tó wọkọ̀, kí o mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, kí o sì béèrè bóyá kí o má jẹ́ kó sùn lójú ọ̀nà, kí oorun lè kùn ún tó bá débẹ̀.

Tí wọ́n bá ní etí rẹ̀ dára, o kò tíì parí iṣẹ́. Ẹ̀ka ọmọdé ló kàn. Kí o tó lọ, fi ọ̀sẹ̀ 1 wo àwọn nǹkan kan, kí o kọ wọ́n sílẹ̀. Tí ọkọ̀ òfuurufú bá ń kọjá, ṣé ó máa ń nàka sí i kí ìwọ náà lè rí i? Ṣé ó máa ń mú nǹkan tó rí nílẹ̀ wá fi hàn ọ́ lásán, láìbéèrè nǹkan kan? Ṣé ó máa ń ṣe eré bí-ẹni-pé, kó fi ìdérí gbé oúnjẹ fún bèbí, kó gbé bàtà sétí bíi fóònù? Ṣé ó ti ní ọ̀rọ̀ kan rí tó wá sọnù? Nígbà tó bá sì fà ọ́ lọ sídìí kúlà, ṣé ó máa ń yíjú wo ojú rẹ, àbí ọwọ́ rẹ nìkan ló ń lò, bí ẹni lo ṣíbí? Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì gan-an. Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ọ́tísìmù, ìyẹn bí ọpọlọ ọmọ ṣe máa ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó mú kí bíbá èèyàn sọ̀rọ̀ àti bíbá èèyàn ṣe nira fún un, á béèrè rẹ̀.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ. Òótọ́ ló ń sọ. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n pẹ́ kí ẹnu wọn tó là, tí wọ́n sì wá sọ̀rọ̀ tán bí ẹgbẹ́ wọn. Àmọ́ kò sí ẹni tó lè wo ojú ọmọ ọdún 2 kó mọ̀ bóyá ara wọn ni. Ọmọ tó bá pé ọdún 1 yẹ kó ti máa wí bàbàbà àti mámámá, kó sì máa nàka. Tó bá pé oṣù 16 láìní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tàbí ọdún 2 láìso ọ̀rọ̀ 2 pọ̀, bíi "mu omi" tàbí "Dádì lọ", à ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò ni. Èyí tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́, iye ọdún yòówù kó jẹ́, ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ. Bí Àkànní bá jẹ́ ọmọ tó kàn pẹ́, owó ọkọ̀ lo pàdánù. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, o ti gba ọdún 2 padà fún un. Ní ti agogo, tí omi inú rẹ̀ bá mọ́ tó sì mú àlàáfíà wà láàárín ìwọ àti màmá, fún un mu. Ṣùgbọ́n má gbà kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kan abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ẹran abẹ́ ahọ́n kì í di ọ̀rọ̀ mọ́ ọmọ nínú.

Ọ̀rọ̀ Àǹtí yẹn ló bà mí nínú jẹ́ jù, torí mo ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, láti Ìkòròdú títí dé Adó-Èkìtì. Èdè 2 kì í mú kí ọmọ pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ sísọ nira fún, á nira fún un nínú èdè méjèèjì. Ọmọ tí kò nira fún, èdè 3 kò ní dá a dúró. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé kí ìyá gbé èdè tó gbọ́ jù lọ jù sílẹ̀, kó wá máa fi èdè tí kò dá a lójú pàṣẹ: "Come." "Sit down." "Eat." Ìyá tó ń pàṣẹ nìkan kì í báni tàkúrọ̀sọ. Kì í pàlọ́, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, kì í ki ọmọ ní oríkì. Inú ìyẹn gan-an ni ọmọ ti ń kọ́ ọ̀rọ̀.

Yorùbá sì tún rọrùn fún ọmọ tí ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Wo àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe wa: gbà, wá, lọ, jẹ, mu, gbé, ṣí, bọ́. Ìró kan péré, ó ti parí, ó sì ti ní ìtumọ̀. Yan 8 yìí. Nígbà tó bá tún fà ọ́ lọ sídìí kúlà, kúnlẹ̀ kí ojú yín ṣe déédéé, mú ife dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ, kí o sọ pé "mu". Kí o wá dákẹ́. Ka 1 dé 10 nínú ọkàn rẹ. Ìdákẹ́ yẹn nira fún àwa ìyá, a ti mọ ohun tí ọmọ fẹ́, ọwọ́ wa á sì ti yá jù. Tó bá wo ojú rẹ, tó mi orí, tó ṣe "m" lásán, bu omi fún un kí o sì tún un sọ: "mu omi". Bí kò bá ṣe nǹkan kan, bu omi fún un náà. A kì í fi òùngbẹ kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀. Pa tẹlifíṣọ̀n nígbà tí ẹ bá ń jẹun. Láàárọ̀, tí o bá ń fi òróró pa á lára, ki oríkì rẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀, lọ́nà kan náà lójoojúmọ́, kí o sì máa dánu dúró níbì kan náà. Nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́, 2 wà tó jẹ́ pé ibi ìdánudúró yẹn ni ohùn wọn ti kọ́kọ́ jáde, wọ́n bá ìyá wọn parí rẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ pé etí ni, má gbà fún ẹni tó bá sọ pé èdè ọwọ́ á dí ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́wọ́. Kì í dí i. Láti 1960 ni iléèwé adití ti wà n'Íbàdàn, Andrew Foster, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà tó jẹ́ adití fúnra rẹ̀, ló dá a sílẹ̀. Ọmọ mi tí mo nà nítorí pé kò gbọ́ ti di télọ̀ báyìí, agbádá ló mọ̀ ọ́n rán jù. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ń gbọ́ràn. Nígbà tó pé ọdún 1, nọ́ọ̀sì wò ó, a sì rẹ́rìn-ín. Àmọ́ a wò ó. Kọ̀wé sí mi padà nígbà tí ẹ bá ti Ifẹ̀ dé.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí. Ọmọbìnrin ọdún 4 kan wà ní kíláàsì mi tó máa ń to ìdérí ìgò ní ìlà kan gbọọrọ láti àárọ̀ títí di àkókò oúnjẹ. Tí wọ́n bá lu agogo, á fọwọ́ bo etí, á máa ké. Ó mọ nọ́ńbà ká dé 100, ṣùgbọ́n tí mo bá ní "kí lorúkọ rẹ?", òun náà á ní "kí lorúkọ rẹ?" Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó jọ ọ́tísìmù. Ó bú mi, ó ní mò ń ṣépè fún ọmọ òun. Ọ̀gá wa sì ní kí n sọ fún wọn kí wọ́n máa gbé e lọ. (Olùkọ́, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú yín ríran. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ẹ sọ orúkọ àìsàn, ẹ kò sọ ohun tí ẹ rí. Dókítà ló ń sọ orúkọ. Iṣẹ́ tiwa ni ká rí, ká kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Fún ọ̀sẹ̀ 2, ẹ máa kọ ọjọ́ àti aago, ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ohun tó ṣe, bó ṣe pẹ́ tó, àti ohun tó mú un dákẹ́. Ẹ kọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe náà, kó pọ̀ ju èyí tí kò lè ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ ké sí ìyá rẹ̀ nígbà tí iléèwé bá ti pa, kó jókòó, kẹ́nikẹ́ni má wà níbẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ lẹ́nu géètì mọ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ ná. Ẹ sọ pé: "Ìyá wa, mo fẹ́ràn bí ọmọ yìí ṣe mọ nọ́ńbà. Nǹkan báyìí báyìí ni mo ń rí. Ṣé ẹ̀yin náà máa ń rí i nílé?" Kí ẹ wá dákẹ́. Ó dá mi lójú pé á sọ̀rọ̀. Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ìyá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́, òru ni wọ́n fi ń ronú rẹ̀. Wọ́n ń bẹ̀rù ohun tí ẹbí ọkọ máa sọ, àti bóyá wọ́n á fi fẹ́ ìyàwó lé wọn. Ẹkún ló wà lábẹ́ èébú tó bú yín.

Nínú kíláàsì, ẹ má dúró de dókítà. Ẹ sọ fún un kí agogo tó dún, tàbí kí ẹ jẹ́ kí òun gan-an máa bá yín lu ú. Ìró tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ dá kì í dẹ́rù bà á tó èyí tó já lù ú. Ẹ ya àwòrán ètò ọjọ́ sórí páálí: àdúrà, orin, ìwé, oúnjẹ, ilé. Ẹ fi ọmọ kan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tì í, kí àwọn méjèèjì jọ máa to ìdérí, ìwọ kan, èmi kan. Èyí tó ń to nìkan tẹ́lẹ̀ ti di eré èèyàn 2 nìyẹn.

Ní ti ọ̀gá yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé òfin àpapọ̀ kan wà tó ta ko fífi ẹ̀tọ́ akàndá ẹ̀dá dù wọ́n, wọ́n fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2019, ó sì kan ẹ̀kọ́. Ẹ kò ní láti bá a jà. Ẹ ní kó fún yín ní sáà kan péré, kí ẹ fi ìwé kékeré yẹn hàn án nígbà tó bá parí.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi obìnrin pé oṣù 10, kò lè dá jókòó. Tí mo bá gbé e dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á lọ́ mọ́ ara wọn bíi sísọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kí n gbẹ́ ihò, kí n máa gbé e dúró sínú rẹ̀. (Ìyá Wúràọlá, Ìwó)

ÌDÁHÙN: Ìyá Wúràọlá, má gbẹ́ ihò kankan. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí o gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ ti máa ń dá jókòó kí wọ́n tó pé oṣù 9, ẹsẹ̀ tó ń lọ́ mọ́ ara wọn sì fi hàn pé iṣan rẹ̀ ń le jù. Béèrè dókítà ọmọdé àti físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan, lọ́jọ́ kan náà. Físíò lè bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é, kò sì yẹ kó dúró dè é. Máa pọ̀n ọ́n, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ là sí ìhà rẹ méjèèjì. Ó dára fún iṣan bẹ́ẹ̀ ju kó nà gbalaja sórí ibùsùn lọ. Àti ẹ̀kọ: má rọ ọ́. Mo mọ̀ pé bí a ṣe tọ́ àwa náà nìyẹn, ṣùgbọ́n ọmọ tí iṣan ọrùn rẹ̀ kò dúró lè fa oúnjẹ sí ẹ̀dọ̀fóró. Gbé e jókòó sí itan rẹ, orí sókè, kí o fi ṣíbí kékeré fún un. Ẹ̀yin ìyá yòókù tó ń kà á, nígbà tí ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ti oṣù 9 àti ti oṣù 15, ẹ má kàn gba abẹ́rẹ́ kí ẹ máa lọ. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ohun tí ọmọ ń ṣe àti èyí tí kò tíì ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Mo wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, mo wá bá ọmọ mi tọ́jú ọmọ tó pé ọdún 2 àti oṣù 3. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ọmọ nílé, tí wọ́n ń pè ní health visitor, mú ìwé ìbéèrè wá, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ sísọ ọmọ náà wò síwájú. Ọmọ mi kọ̀, ó ní wọ́n á fi gba ọmọ lọ́wọ́ òun. (Ìyá àgbà)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ọmọ o. Ẹ fọkàn rẹ̀ balẹ̀. Gbogbo ọmọ tó wà láàárín ọdún 2 sí ọdún 2 àbọ̀ ni wọ́n máa ń fẹ́ ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún ní Ẹ́ńgílándì, ọ̀rọ̀ pé ìyá kò tọ́jú ọmọ kọ́ ló ń sọ. Olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, kò gba owó, ṣùgbọ́n ìlà tí wọ́n ń tò níbẹ̀ gùn. Ìdí gan-an nìyẹn tó fi yẹ kó gbà báyìí. Tí ọmọ bá ń lọ sí nọ́sìrì, kó béèrè SENCO wọn, olùkọ́ tó ń bójú tó àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe. Bó bá yá tó hàn pé ìrànlọ́wọ́ tó pọ̀ ni ọmọ nílò, òfin 2014 fún òbí láyè láti kọ̀wé fúnra rẹ̀ sí council, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, fún àyẹ̀wò EHC, èyí tí wọ́n fi ń mọ ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ nílò nínú ẹ̀kọ́, ìlera àti ìtọ́jú. Ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ní láti fèsì, ọ̀sẹ̀ 20 ni gbogbo rẹ̀ yẹ kó gbà.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin nìkan lè ṣe. Nígbà tí wọ́n bá ń ka iye ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń sọ, ti Yorùbá wà nínú rẹ̀. Tó bá ń sọ "omi" àti "ball", ọ̀rọ̀ 2 ni. Àwọn Òyìnbó kò lè gbọ́ èyí tó ń bá yín sọ. Ẹ jókòó ti ìyá rẹ̀ lálẹ́ yìí, kí ẹ jọ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà ń sọ sórí ìwé kan, ti èdè méjèèjì, kí ìwé náà wà lórí tábìlì lọ́jọ́ tí health visitor bá padà dé.